Kí Abẹ Tó Kan Ìbàdí

Láti Kánò títí dé Calabar ni a ti ń rí ọ̀dọ́ tí ń tiro nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn yìí a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí àwọn òpó tóóró tí ń gbé oúnjẹ lọ sí orí egungun itan. Nígbà tí oúnjẹ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, orí egungun náà a kú, a sì rún wómúwómú nínú ihò ìbàdí. Òmíràn nínú wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí dókítà fi sọ fún un pé àfi kí a pààrọ̀ oríkèé náà.

Pípààrọ̀ oríkèé ìbàdí kì í ṣe ohun titun. Ní oṣù November 1962, ní ilé-ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Charnley bẹ̀rẹ̀ sí í lo orí irin kékeré nínú ihò tí a fi ike líle ṣe, ó sì kẹ́sẹ járí. Ṣùgbọ́n ike mìíràn tí ó ti lò ṣáájú èyí tètè jẹ dànù nínú ara àwọn aláìsàn, ó sì di dandan láti tún iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà náà, ara ènìyàn alààyè ni a fi ń mọ èyí tí yóò pẹ́ àti èyí tí kò ní pẹ́.

Ẹrù ńlá ni ìbàdí ń rù. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti rìn, gbogbo ara a gbára lé ìbàdí kejì, iṣan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì fà gidigidi kí a má baà ṣubú. Ó dà bí ọ̀pá òṣùwọ̀n tí apá kan rẹ̀ kúrú: apá kúkúrú ni ó ń gba agbára púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Berlin fi ohun ìwọ̀n sínú oríkèé irin àwọn aláìsàn 4; àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ìrìn jẹ́jẹ́ lásán, ẹrù orí ìbàdí ju ìlọ́po 2 ìwúwo ara lọ.

Ibí ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ní 1972, àwọn onímọ̀ ará Netherlands fi hàn bí a ti lè pín egungun itan sí ègé wẹ́wẹ́ nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, kí a sì mọ ẹrù tí ègé kọ̀ọ̀kan ń rù. Ní 1990, Scott Delp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford gbé ẹsẹ̀ àfarawé jáde, tòun ti iṣan rẹ̀, láti wo ohun tí iṣẹ́ abẹ yóò yí padà. Lónìí, oníṣẹ́-abẹ lè fi àwòrán egungun aláìsàn rẹ̀ gan-an dán ìwọ̀n irin àti ìdúró ihò wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí a bá bù sínú kọ̀ǹpútà ni yóò bù fún wa. Egungun ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde a máa le bí òkúta níhìn-ín, a sì máa rọ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà mìíràn, ihò inú rẹ̀ tí ó yẹ kí irin wọ̀ a ti dí. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò egungun tí ó dá ṣáṣá wéwèé fún un lè dá itan rẹ̀. Ojú olójú kò dà bí ojú ẹni.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ilé-ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, ní Enugu àti ní Dala, Kánò, máa fi ìyọ̀ǹda aláìsàn pa àwòrán irú egungun bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì jùmọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. OpenSim, ètò kọ̀ǹpútà tí Stanford gbé jáde ní 2007 fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí yóò ná wa lówó ni ẹ̀rọ ayàwòrán, iná mànàmáná tí kì í kú, àti ènìyàn tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú. Ẹ jẹ́ kí ìjọba fi wọ́n sínú ìṣúná, nítorí ọ̀dọ́ tí a bá pààrọ̀ ìbàdí fún lónìí ṣì ní ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi rìn.