Àrùn Eku ní Èkó ní 1924, àti Iṣẹ́ Àwọn Wolé-wolé

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ìlú. Èkó ni èmi yóò mú yín lọ, ní ọdún 1924, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù náà.

Láyé àtijọ́, iyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọ Èkó. Ìjọba fi òkúta ṣe odi sínú òkun, wọ́n wa iyanrìn kúrò, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ létí ìlú. Òwò gbòòrò. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà bá ti ń sọ̀ ni eku ti ń sọ̀, eku sì mọ orí okùn rìn ju atukọ̀ lọ.

Ayé ti mọ àṣírí àrùn yìí ṣáájú ìgbà náà. Ní 1894 ni Alexandre Yersin rí kòkòrò rẹ̀ ní Hong Kong. Ní 1898 sì ni Paul-Louis Simond fi hàn pé eégbọn kékeré tí ń fò lára eku ni ó ń gbé e kiri. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ sì tutù, eégbọn á fò kúrò, á wá ara tí ó gbóná. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ibà líle á dé, kókó á yọ ní abíyá tàbí ní ìdí itan. Nítorí náà, onílé tí ó rí i pé eku ń kú láìsí ẹni tí ó pa wọ́n kò gbọdọ̀ yọ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní yóò rántí pé àwọn Filistini fi eku wúrà márùn-ún ránṣẹ́ pẹ̀lú Àpótí Ẹ̀rí. Èrò tèmi ni pé àwọn náà ti ṣàkíyèsí nǹkan kan.

Ní 1925 ni Dókítà Isaac Ladipọ̀ Olúwọlé, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Olúwọlé, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Glasgow, di igbákejì olórí ìlera ìlú. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábà, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa yẹ ilé wò. Àwọn ni ìlú sọ ní wolé-wolé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí àmì ìsàlẹ̀ náà: ọ̀gá ni Olúwọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wolé-wolé! Wọ́n ń wo àmù bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ààtàn, wọ́n ń dẹ pàkúté. Nígbà mìíràn wọ́n a fa onílé lọ sí kóòtù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rù wọn. Ẹni tí ó bẹ̀rù wọn a sì fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá, èyí tí ó burú ju ààtàn lọ.

Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Àrùn náà ń padà wá fún ọdún mélòó kan, àwọn sì ni wọ́n dúró tì í. Ohun tí ó dùn mí ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún Èkó ṣe. Ìgbìmọ̀ náà wó ilé ní Oko Awo, ó sì la ilẹ̀ sílẹ̀ ní Yábà. Ní tòótọ́, ilé há mọ́ ilé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ráàyè. Síbẹ̀ agbo ilé Yorùbá kì í ṣe ògiri lásán: ibẹ̀ ni ibojì bàbá wà, ibẹ̀ ni a ti ń pín ogún, ibẹ̀ ni ìyá arúgbó ti mọ ọ̀nà ọjà. Òṣùwọ̀n wo ni a fi wọn ìyẹn nígbà tí a ń san owó ilé?

Ẹgbẹ́ wa yìí ní ìwé, ó ní kálámù. Mo bẹ akọ̀wé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti Oko Awo: orúkọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan tí a wó, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, oríkì rẹ̀, àti ibi tí ìdílé náà wà lónìí. Àwọn ọmọ-ọmọ tí ó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu òbí wọn ṣì wà láàyè. Àwọn ni kí a kọ́kọ́ bi.