Káńfọ̀ Inú Àpótí àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun



Ẹ mọ bí àdá tí a gbàgbé síta ṣe ń dípẹtà. Omi àti ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ọ́ksíjìn yìí kan náà la fi ń yè, ṣùgbọ́n ó máa ń fi oró díẹ̀ sílẹ̀ nínú ara. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara wa ní òjíṣẹ́ kan: bí oró náà bá pọ̀, á sáré wọ kókó sẹ́ẹ̀lì lọ ké sí ẹ̀ṣọ́ tuntun. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní kókó. Ẹ̀ṣọ́ tí a dá mọ́ ọn nìkan ló ní. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD.

Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín àwa Yorùbá ni G6PD rẹ̀ kò tó. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀; kì í ṣe èpè. Ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ewu rẹ̀ ni káńfọ̀ funfun roboto. Ní etí ọ̀sà níbí, ọ̀rinrin pọ̀, kòkòrò sì ń jẹ aṣọ, la ṣe ń jù ú sínú àpótí. Òórùn rẹ̀ ń gba imú àti awọ ọmọ wọlé, ó ń di oró. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹ̀ṣọ́ á máa fọ́, ibà pọ́njú á dé. Bí ó bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè di adití tàbí arọ, ó sì lè kú.

Nítorí náà:

1. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ, ọ̀já ìpọnmọ tàbí àpò ẹ̀wà. Ẹ sá wọn gbẹ dáadáa, kí ẹ fi wọ́n sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le.

2. Bí ẹyinjú tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ bá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí kò mu ọmú dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró ti oòrùn, àgbo tàbí omi glúkóòsì.

3. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé G6PD òun kò tó, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó lo oògùn, pàápàá primaquine.

Ẹ ka ìwé yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tí ń bọ̀, kí àwọn aboyún gbọ́. Ire oko, ire odò o.