Kí Orúkọ Tó Jáde Tán: Bí Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù Ṣe Ń Gbin Ẹ̀rù Sọ́kàn Òǹwòran

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí jọ ọ̀rọ̀ kékeré: ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta tí orúkọ fi máa ń jáde lójú fíìmù kí ìtàn tó gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi àkókò yẹn wá àga, tí à ń bu ẹ̀pà sọ́wọ́, tí à ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àmọ́ nínú fíìmù ìpànìyàn, fíìmù àwámárìídìí, èyí tó ń gbé ọkàn ẹni sókè, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ èdè ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Benin. Bantè àti Savalou wà lójú títì kan náà, títì tó ti Dassa wá, tó ń lọ sí Bassila àti Djougou. Ní Bantè níbí, ẹni tó ń sọ Ìṣà, tó jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, yóò gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí òṣèré Ìbàdàn ń wí. Ní Savalou, Mahi ni èdè ìlú. Fíìmù Yorùbá tó bá ti Nàìjíríà wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Faransé ni àwọn ọmọ wa ń kà nílé ìwé. Kí ló wá kù fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì? Ìlù kù, òkùnkùn kù, ojú òṣèré kù. Lójú tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tó já fáfá kì í dúró de èdè. Ó ti dá òǹwòran lẹ́rù kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan sọ fún yín pé Amẹ́ríkà la ti kọ́ irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òru ẹ̀fẹ̀, òru tó ń ṣí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. Ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún tó yẹ kí gbogbo ayé pa mọ́, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Òru ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú ijó ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀, ìbòjú olórin tí gbogbo èrò ń retí, kì í sì í déédéé yọ. Ìbòjú tí wọ́n ń pè ní Ogbagba á kọ́kọ́ jáde. Arábì Ajígbálẹ̀ á tẹ̀ lé e, á gbá ojú agbo mọ́. Ẹni tó ru iná á kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apaná á dé, gbogbo iná á sì kú. Ìgbà tó bá yá ni Tẹ̀tẹ̀dé á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agbo láti pe Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó: wọ́n fi iná hàn yín tán kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ríran ni òkùnkùn ń bà lẹ́rù. Bó bá jẹ́ inú òkùnkùn ni agbo ti bẹ̀rẹ̀, ojú ì bá ti mọ́ ọn lára kí Ẹ̀fẹ̀ tó dé. Mi ò tíì rí olùdarí fíìmù kan tó to ẹ̀rù dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ kí wọ́n tó ka ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù sí. Lójú aṣọ ìkélé tí wọn kò tíì ṣí ni wọ́n ti máa ń jẹ́ kí orúkọ kọjá. Ní 1955, nígbà tí Saul Bass ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún fíìmù The Man with the Golden Arm, ìwé ìkìlọ̀ bá agolo fíìmù náà lọ sílé sinimá pé kí wọ́n ṣí aṣọ kí orúkọ tó jáde. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, Bass kan náà ṣe ti Psycho fún Alfred Hitchcock. Kò sí òkú níbẹ̀, kò sí ọ̀bẹ. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló ń sáré wọlé láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè àti ìsàlẹ̀, tó ń gé orúkọ sí wẹ́wẹ́. Bernard Herrmann sì fi kìkì ohun èlò olókùn, irú èyí tó jọ gòjé, kọ orin tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ará Savalou tí kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo yóò mọ̀ pé ohun kan yóò bàjẹ́.

Ti Seven, tí Kyle Cooper ṣe ní 1995, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ nìkan la rí: ọwọ́ ń rán ìwé, ọwọ́ ń fi abẹ gé awọ orí ìka rẹ̀ kúrò. A ò rí ojú onítọ̀hún, fíìmù sì ti rìn jìnnà kó tó yọ. Kevin Spacey tó ṣe apànìyàn náà ní kí wọ́n má fi orúkọ òun sí ìbẹ̀rẹ̀, kí èèyàn má baà máa retí òun. Ẹ fi wé tiwa, níbi tí orúkọ òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀daràn ti ń kọ́kọ́ jáde gàdàgbà!

Àwọn kan máa ń bú fíìmù Yorùbá pé orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti máa ń sọ ìtàn tán. Mi ò bá wọn pa ẹnu pọ̀. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní nǹkan bí 1944 ni tíátà alárìnkiri ti ń fi orin ìṣíde júbà, tí wọ́n sì ń fi pe èrò. Hitchcock fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún Truffaut, olùdarí fíìmù ará Faransé, pé bí òǹwòran bá ti mọ̀ pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, ọ̀rọ̀ lásán tí àwọn tó jókòó ń sọ á di ohun ìpayà. Ohun tí Ṣaworoidẹ ṣe nìyẹn. Tunde Kelani ló gbé e jáde ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. A ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ọba tí wọn kò sín ní gbẹ́rẹ́ bá dé adé idẹ, tí wọ́n lu ìlù ṣaworoidẹ, ikú ni. Látìgbà náà, ìró ṣaworo kékeré ti tó láti dẹ́rù bà wá. Ohun tó ń ba fíìmù jẹ́ ni gígé àwòrán láti àárín ìtàn wá sí ìbẹ̀rẹ̀, tí a fi ń rí òkú ọkọ ìyàwó ká tó rí ìgbéyàwó. Orin sọ pé ibi ń bọ̀. Àwòrán sọ ẹni tí yóò bá. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Kunle Afolayan mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú The Figurine, tó jáde ní 2009, ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: òrìṣà Araromire, ère rẹ̀, ọdún méje oríire, ọdún méje àjálù tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá gbé wa lọ sí 2001, sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó rí ère nínú igbó nígbà tí wọ́n ń sin ìjọba Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Nítorí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, gbogbo ibi tó bá ṣẹlẹ̀, ère là ń wò. A ò wo ọwọ́ ènìyàn títí ó fi pẹ́.

Láti 2017 ni Netflix ti fi bọ́tìnì kan sí ojú ẹ̀rọ tí èèyàn lè tẹ̀ kó fo ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹni tó bá fo ìbẹ̀rẹ̀ The Figurine yóò rí fíìmù mìíràn wò: ọ̀rẹ́ méjì, obìnrin kan tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn, àti ère igi kan lásán lórí pẹpẹ.