Ẹ KA Ẹ̀YÌN ṢÁJÀ KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìréè

 

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ lè ka orúkọ ara yín. Ẹ lè ka ìwé tí ọmọ kọ ránṣẹ́. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ ka ohun kékeré kan tí ó wà nílé gbogbo wa. Ohun náà ni ṣájà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, ṣájà ti wọ ilé tọmọdé tàgbà, ní Ìréè níbí, ní Ìlá, títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà. Àgbẹ̀ ní i, oníṣòwò ní i, ọmọ Pólì ní i. Fóònù ní tirẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ní tirẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ ṣájà? Iná tí ó wà lára ògiri wa jẹ́ 230 fóltì. Iná yìí lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n fóònù kékeré kò fẹ́ ju 5 fóltì lọ. Ṣájà ni ó dúró láàárín àwọn méjèèjì bí odi. Iná líle wà ní apá kan, iná jẹ́jẹ́ wà ní apá kejì.

Nínú ṣájà gidi, a wé wáyà ní ọ̀nà méjì. Wọ́n súnmọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fara kanra. Agbára iná ń bọ́ láti ara ọ̀kan sí èkejì láìjẹ́ pé wọ́n kan ara wọn. A fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá sí àárín wọn, a sì fi àyè sílẹ̀. Àyè kékeré yẹn ni ó ń ṣọ́ ẹ̀mí yín.

Ayédèrú ńkọ́? Ẹni tí ó ṣe é fẹ́ kí ó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Nítorí náà ó dín àyè yẹn kù. Ó lo wáyà tín-ín-rín àti ike fẹ́lẹ́. Fóònù yóò kún bí ó ti yẹ, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí odi inú rẹ̀ bá wó, 230 fóltì lè kọjá tààrà sínú okùn tí ẹ dì mú. Ẹ ro ti ọmọ tí ń rákòrò, tí ó gbé ẹnu okùn náà sẹ́nu. Bí ṣájà bá dára, ọmọ náà lè bọ́. Bí kò bá dára, ẹkún ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò kan ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ UL, yẹ 400 ayédèrú ṣájà iPhone wò. 397 kò yege. 12 nínú wọn burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè fi iná pa ènìyàn.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan tí ń mójútó bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ dára tó. Orúkọ rẹ̀ ni SON. Láti ọdún 2005 ni àjọ yìí ti gbé ètò SONCAP kalẹ̀. Ètò náà sọ pé ohun èlò iná tí ń bọ̀ láti òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí kí a tó kó o wọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹnubodè pọ̀, àwọn onífàyàwọ́ sì gbọ́n. Èyí tí ó bá yọ́ wọlé, ojú yín ni aṣọ́bodè tí ó kù.

Nítorí náà, ẹ yí ẹ̀yìn ṣájà padà, kí ẹ kà á báyìí:

1. Ẹ wá orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí kò bá sí orúkọ, ẹ má rà á.

2. Ẹ wá INPUT. Èyí ni iná tí ń wọlé. Ó yẹ kí ẹ rí 230V tàbí 100–240V. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Ọmọ yín lè fi ránṣẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n iná tiwa yóò jó o.

3. Ẹ wá OUTPUT. Èyí ni iná tí ń jáde. V dàbí agbára tí omi fi ń tì. A dàbí bí omi tí ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. V gbọ́dọ̀ bá ti ohun èlò yín mu. A lè ju ti ohun èlò lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Pé ẹnu okùn wọ ihò rédíò kò sọ pé iná wọn bára mu.

4. Ẹ wá àmì àpótí kékeré nínú àpótí ńlá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdáàbòbò méjì wà láàárín yín àti iná.

Òótọ́ ni pé ayédèrú lè tẹ gbogbo èyí sára. Nítorí náà, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Òfin ààbò oníbàárà, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2019, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o: ọmọ ẹni tí ẹ ń tà á fún, ọmọ ìlú yín ni.

Bí ẹ bá délé, bí ṣájà bá gbóná jù, tí ó ń rùn, tàbí tí wáyà rẹ̀ là, ẹ yọ ọ́, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án. Ẹ má gbé fóònù tí ń gba iná sábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bí ẹ kò bá lè pa á, ẹ dúró sórí igi gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára wáyà. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹ̀yin ará, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Tẹ́lẹ̀, ohunkóhun tí oníṣòwò bá wí ni a ń gbà. Ní báyìí, ẹ̀yin fúnra yín lè kà á. Ẹ kà á fún aládùúgbò tí kò tí ì mọ̀wé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná jó wa nílé o.