Ó Gbọ́, Ẹnu Ni Kò Jẹ́

(Orin ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó rọlẹ̀ bí atọ́kùn bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀.)

ATỌ́KÙN: Ètò àkànṣe tòní dá lórí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń wá nínú ọpọlọ, àti ohun tí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ń rí. Ìlú Paris la ó kọ́kọ́ gbà lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, wọ́n gbé aláìsàn kan tí ń jẹ́ Leborgne, ẹni ọdún 51, dé ọ̀dọ̀ Paul Broca, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Bicêtre. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ó ti ń kẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ sì ti rọ tipẹ́tipẹ́. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi í, èsì kan náà ló ń fọ̀: "Tan, tan." Ìyẹn ni gbogbo ilé ìwòsàn fi sọ ọ́ ní Tan.

Broca bi í pé ọdún mélòó ló ti lò ní Bicêtre. Leborgne la ìka ọwọ́ márààrún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá na ìka kan lé e. Ọdún 21 nìyẹn, ó sì ṣe rẹ́gí! Ìbéèrè yé e, ó rántí, ó ṣírò rẹ̀. Ẹnu ni kò jẹ́. Bí ohun tó ń fọwọ́ júwe ò bá yé ara ibẹ̀, inú a bí i, èébú kan a sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

(Orin díẹ̀.)

ATỌ́KÙN: Leborgne kú ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Nígbà tí Broca yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí i pé iwájú rẹ̀ lápá òsì ti bàjẹ́. Kí ọdún náà tó parí, ó tún rí bàbá ẹni ọdún 84 kan, Lelong, tí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ṣẹ́kù sí lẹ́nu. Agbègbè kan náà ló bàjẹ́ nínú ọpọlọ tiẹ̀.

Ní 1874, Carl Wernicke, ọ̀dọ́ dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa àwọn tí tiwọn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu wọn bí òjò, kò nítumọ̀, ohun tí ẹlòmíràn sọ kò sì yé wọn dáadáa. Apá òsì náà ni ọgbẹ́ tiwọn wà, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, nítòsí etí. Báyìí la ṣe mọ̀ pé gbígbọ́ èdè ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọpọlọ, sísọ ọ́ náà ní tirẹ̀. Ìwádìí òde òní ti fi kún un pé ọ̀pọ̀ ibi ló ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ náà.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Àrùn rọpárọsẹ̀ tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ni. Ọpọlọ apá òsì yìí kan náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ fi sábà máa ń pàdánù ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ilé á sì máa wí pé orí bàbá ti dàrú, tàbí pé ayé ló mú wọn lóhùn. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa jíròrò ìsìnkú, etí bàbá sì ń gbọ́!

Ẹ̀yin ará, bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́lẹ̀ tàbí tí apá rẹ̀ rọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lè fi orí dáhùn, kẹ́ ẹ sì fún un láyè. Ẹ bá a kọrin pẹ̀lú, torí ẹlòmíràn tí kò lè sọ gbólóhùn kan lè kọ orin tó mọ̀ láti kékeré, àwọn onímọ̀ sì ti ń fi orin ṣètọ́jú irú wọn láti 1973. Ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé.

 

(Orin ìparí.)