Irúgbìn Tí A Pín Kì Í Run

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọ̀dà, iná mànàmáná àti ilé-ìwé ni ẹgbẹ́ wa ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ti òní jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn ilé olúkúlùkù wa: ọgbà ẹ̀fọ́.

Gbogbo wa ni a mọ bí ilẹ̀ Òkè-Ògùn ti rí. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kìṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn èyí ọyẹ́ a dé, koríko a gbẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ tútù ní oṣù kìíní, àfi kí ó ní àkùrọ̀ létí odò, tàbí kí ó máa da omi tí ó fi ṣan abọ́ àti ẹ̀fọ́ sí ìdí ewúro àti gbúre lẹ́yìn ilé. Nítorí èyí ni àwọn ìyá wa kò fi fojú kékeré wo ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú ọgbà wọ̀nyí kì í ṣe rírà. Ẹ̀ka ewúro ni a tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, tí a fi gúnlẹ̀. Ìtàkùn amúnútutù ni a já bọ̀ láti ilé àna. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmátì àti ata pàápàá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀, lẹ́yìn ọdún 1492 ni wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi di ti ilé wa. Bí àwọn tí ó kọ́kọ́ rí wọn gbà bá ti há wọn mọ́wọ́, kí ni à bá máa fi se ọbẹ̀ lónìí?

Ṣùgbọ́n ewu kan ń bẹ. Yánrin àti ebòlò tí ń hù fúnra wọn ń bá èpò kú nígbà tí a bá fọ́n oògùn apakoríko. Àgbàlá tí a ti ń gbin òdú ti di sìmẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ orúkọ mìíràn fún ewé ọbẹ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ.

Àwọn onímọ̀ kò sùn. Ní Ìbàdàn, a dá IITA sílẹ̀ ní ọdún 1967, irú ẹ̀wà tí ó wà nínú yàrá tútù rẹ̀ sì ju 15,000 lọ. Ní 1975 ìjọba àpapọ̀ dá NIHORT sílẹ̀ fún ìwádìí ewébẹ̀ àti èso. Ilá NHAe 47-4 wà lára ohun tí ó ti ọwọ́ wọn jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n irúgbìn inú yàrá tútù kò lè kọ́ ọmọ wa ní ọbẹ̀ sísè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ewédú ṣe àpẹẹrẹ. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Bí a bá kàn fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a tì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, kò ní ju kí a ka ení dé ẹ̀wá, a yọ ọ́, a sá a kí ó gbẹ, kí ó tó gbìn ín. Ilá tí ó pọ̀ lápọ̀jù lásìkò òjò, a ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́ di òrúnlá. Òun ni a ó fi jẹ ọkà nígbà ọyẹ́. Yánrin korò díẹ̀: a ó bọ̀ ọ́, a ó fún un, kí a tó dà á sínú ata àti ẹ̀gúsí. Ẹni tí ó fún ni ní irúgbìn ni í sọ irú nǹkan báyìí fún ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ ẹgbẹ́ wa sí. Èkíní, kí a tẹ́ tábìlì kan sílẹ̀ ní ìpàdé ọdọọdún, kí olúkúlùkù mú irúgbìn gbígbẹ wá nínú ìgò, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti oṣù tí a ń gbìn ín sí i lára. Ẹni tí ó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́dún yìí, kí ó dá ẹ̀kúnwọ́ kan padà lọ́dún tí ń bọ̀. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní fóònù ya àwòrán ọgbà kan náà ní oṣù kẹrin, oṣù kẹjọ àti oṣù kejìlá, kí a lè rí ohun tí ó la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyá wa máa sọ bí a ti ń se ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Bí mo bá fún gbogbo ayé ní irúgbìn mi, ta ni yóò ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi?” A dá a lóhùn pé: lọ́dún tí ewúrẹ́ bá já ọgbà rẹ, tàbí tí òjò bá kọ̀, ilé aládùúgbò tí o fún ni ìwọ yóò ti rí irúgbìn rẹ gbà padà. Ẹni tí ó dá tirẹ̀ pamọ́, bí tirẹ̀ bá kú, ó parí.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ìlú wa kò ní tẹ́ láwùjọ ìlú.