Ta Ló Máa Pààrọ̀ Táímà Ilé Yín?

Táímà lọ̀rọ̀ kàn lónìí: àpótí kékeré ara ògiri tó ń sọ fún bọ́ílà ìgbà tó máa mú ilé gbóná, àti ìgbà tó máa mú omi gbóná. Tó bá ti gbó, ilé á tutù nini láàárọ̀, tàbí kí bọ́ílà máa jó gáàsì lásán lóru.

Kẹ́ ẹ tó ra tuntun, ta ló nilé? Tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ǹtì ní England, tí àdéhùn yín ò tó ọdún 7, abala 11 nínú òfin Landlord and Tenant Act 1985 ní lánlọ́ọ̀dù ló máa tún un ṣe. Ẹ fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí i, kí ẹ̀rí lè wà.

Tó bá jẹ́ ilé tiyín, ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀ ní fiúsì, torí iná 230 volt kì í ṣe ohun eré. Lẹ́yìn náà, ẹ wo pátákó ẹ̀yìn táímà. Irú kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò. Tó bá bá tuntun mu, ẹ yọ ti àtijọ́, kẹ́ ẹ fi tuntun kọ́ ọ, láìfọwọ́ kan wáyà. Tí ò bá bá a mu, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.